Ìyá Onílé Ṣi Oríkì Wa Kì

Jọ̀ọ́, sọ òótọ́ fún mi: tí wọ́n bá ń kì ẹ́, tí wọ́n sì ṣì ẹ́ kì, ṣé o lè panu mọ́? Má tíì dáhùn. Èmi náà rò pé mo lè ṣe é.

Lọ́dún tí mo ṣe ìdánwò àṣejáde, ìjà ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ nílùú wa lápá Ọ̀ṣun, láàárín àdúgbò Òkè àti àdúgbò Ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni tiwa. Wọ́n dáná sun ilé wa. Ọmọkùnrin Ìsàlẹ̀ tó bá ti lè gbé àdá, òun làwọn ará Òkè ń wá kiri. Wá wo èmi tí wọ́n fẹ́ torí àdá pa: èmi tí mo máa ń fi àdá ṣá bàtà ara mi tí wọ́n bá ní ká ṣán koríko níléèwé. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín ṣá. Wọ́n fi mí sẹ́yìn mọ́tò oníṣu, wọ́n ní kí n máa lọ bá àbúrò ìyá mi ní Ifọ̀, kí n má wẹ̀yìn.

Àǹtí mi yìí ń ránṣọ, yàrá kan ni wọ́n sì rẹ́ǹtì. Kí n tó mu omi lọ́jọ́ tí mo dé, wọ́n ti fún mi lórúkọ tuntun. Wọ́n ní ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí báyìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ àwọn. Ìdí ni pé káfíńtà tó ń ṣiṣẹ́ lójúde ilé náà, ọmọ ìlú wa ni, ọmọ Òkè pọ́ńbélé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà ní Ifọ̀, wọn ò mojú mi, àmọ́ àwọn ará ilé wọn máa ń wá kí wọn. Ọ̀rọ̀ tó bá détí káfíńtà lónìí, ó lè dé Òkè kó tó di ọjọ́ ọjà.

Bí mo ṣe di Ìjẹ̀bú nìyẹn. Ìjẹ̀bú tó béèrè níṣojú gbogbo ayálégbé pé kí ni wọ́n ń pè ní ìkọ́kọrẹ́.

Ìyá onílé gbọ́ ọ. Ọmọ Ifọ̀ ni màmá yẹn, wọ́n ti darúgbó, ṣùgbọ́n wọ́n ti ta obì kiri gbogbo ìlú apá Ọ̀ṣun nígbà tí wọ́n ṣì lágbára, wọ́n sì kó oríkì àwọn agbo ilé ibẹ̀ bọ̀ sílé bí ẹni kó ọjà. Láti ọjọ́ ìkọ́kọrẹ́ yẹn, wọ́n sọ mí di eré àárọ̀. Tí mo bá ti dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n á ki oríkì ìdílé kan lé mi lórí, wọ́n á wá máa wò ó bóyá orí mi máa wú. Tí mi ò bá mira, wọ́n á ní ìyẹn náà kọ́, kí n dìde, ó dàárọ̀ ọ̀la. Mo ń ṣe bí igi. Mo tiẹ̀ ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo gbọ́n.

Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n kan tiwa.

"Ọmọ igi ọsàn ẹnu odi. Àlejò ká a, àlejò jẹ. Onílé bi í pé ọmọ ta ni."

Ilẹ̀ ni mo dojú kọ o, ṣùgbọ́n ohùn ìyá mi ni mò ń gbọ́, bí wọ́n ṣe máa ń fi jí mi kí n lè tètè dé iléèwé. Ìyá onílé sì ti bà á jẹ́ níparí. Ẹnu mi là fúnra ẹ̀.

"Onílé ò bi í, Màmá. Onílé ò bi í pé ọmọ ta ni."

Ayùn tó ń ké lójúde dákẹ́.

Ìyá onílé ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n rọra ní kí n dìde, kí n wọlé. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní Yorùbá ì bá yọ̀: ẹni tí kò dáhùn ìbéèrè rí ní kíláàsì, ọjọ́ tó yẹ kó dákẹ́ ló ṣe àtúnṣe gbólóhùn.

Àǹtí mi ò bú mi. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n pa aṣọ oníbàárà tì, wọ́n ń ká ṣòkòtò mi sínú báàgì, wọ́n ń sọ pé ọ̀rẹ́ àwọn kan wà ní Mówe tó lè gbà mí. Wọn ò tíì de báàgì náà lẹ́nu tí káfíńtà fi yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ìyẹ̀fun igi kún irun wọn. Àǹtí mi bọ́ sáàárín àwa méjèèjì, àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń géṣọ wà lọ́wọ́ wọn.

Káfíńtà ò wo àlùmọ́gàjí. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Parí ẹ̀," ni wọ́n wí.

Mo wo ojú àǹtí mi.

"Agbo ilé yín ni wọ́n ti fẹ́ ìyá mi. Látìgbà tí wọ́n ti kú, ẹnì kan ò fi oríkì ìdílé wọn kì mí mọ́."

Mo bá kì wọ́n. Ohùn mi ń gbọ̀n bíi ti ewúrẹ́ tí òjò pa, mo fo ìlà kan, mo padà lọ mú un. Nígbà tí mo fi máa dé ibi onílé tí kì í bi àlejò, káfíńtà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ọwọ́ bojú. Àǹtí mi gbé àlùmọ́gàjí lé orí máṣíìnì.

Káfíńtà ló ní kí n má lọ sí Mówe lọ́dọ̀ ẹni tí mi ò mọ̀. Wọ́n ń kan òrùlé ilé kan ní Ìbàfò, ará ilé wọn kankan kì í débẹ̀, kí n máa bá àwọn lọ. Ìbàfò yẹn ni mo wà látìgbà náà. Mo ti kọ́ṣẹ́: tí mo bá na òòlù sí ìṣó, àtàǹpàkò mi ni mò ń kàn.

Lónìí là ń lọ sílé. Bàbá mi ránṣẹ́ pé ìjà ti rọlẹ̀. Wọn ò ní ó ti tán. Ọ̀nà tó lọ sí Ìsàlẹ̀, àárín Òkè ló gbà kọjá. Káfíńtà ní àwọn máa ṣíwájú, kí n máa tẹ̀lé àwọn, tí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè pé ọmọ ta ni mí, àwọn máa ní ọmọ ìyá àwọn ni. Mi ò mọ̀ bóyá igi ọsàn ẹnu odi yẹn ṣì wà lẹ́yìn iná. Mo ti bẹ ẹnu mi láti àná pé lónìí nìkan, bí wọ́n bá tiẹ̀ ṣì mí kì lójú ọ̀nà, kó jọ̀ọ́ kó

"Ọmọ igi ọsàn," ni káfíńtà pè mí, "ó yá, mọ́tò ń lọ."