Àmì Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Bàbá Mi Gbẹ́

Mo sunkún ní yunifásítì wa lónìí, ojú ò sì tì mí.

Iṣẹ́ káfíńtà ni bàbá mi ṣe ní Ṣakí. Àwọn ni wọ́n fọwọ́ ara wọn gbẹ́ àmì àkọ́kọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà, nígbà tó ṣì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ojú wọn ti fọ́ báyìí. Láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní, "Bàbá, àmì tuntun la ń lò látìgbà tá a ti di yunifásítì."

Bàbá mi bi í pé, "Èyí àtijọ́ wá ńkọ́?"

Ẹ̀ṣọ́ náà mú wa lọ sẹ́yìn ilé ìkẹ́rù. Pátákó tí bàbá mi gbẹ́ àmì náà sí ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ṣe afárá lórí gọ́tà.

Bàbá mi kúnlẹ̀. Wọ́n fi etí aṣọ wọn nu ẹrẹ̀ kúrò, wọ́n ń fọwọ́ wá àwòrán iṣu tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ àwòrán ìwé lára àmì náà.

"Àwọn àgbẹ̀ ló yọ̀ǹda ilẹ̀ oko wọn fún ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbẹ́ iṣu sí i."

Mo bẹ ẹ̀ṣọ́ pé kó jẹ́ ká gbé e lọ sílé. Ó ní ẹrù ìjọba ni, wọ́n á lé òun lẹ́nu iṣẹ́.

Inú ti ń bí mi nígbà tí bàbá mi di apá mi mú, tí wọ́n dìde. Wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Tá a bá gbé e kúrò, ọmọ ọlọ́mọ á já sí gọ́tà."

Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, tó bá jẹ́ bàbá yín ló gbẹ́ ẹ ńkọ́? Ṣé ẹ máa fi pátákó náà sílẹ̀ níbẹ̀?