Òróró Tí Kò Gbọdọ̀ Lábùlà

Gbogbo ẹni tó bá ya ìsọ̀ mi ní àdúgbò Agric ló mọ iṣẹ́ tí òróró tíì-tíríì ń ṣe ju ẹni tó ṣe é lọ. Wọ́n ní ó ń pa làpálàpá, ó ń pa iná orí, ó ń gbẹ rorẹ́, ó ń lé òórùn abíyá lọ. Obìnrin kan tilẹ̀ ní òun ń kán an sẹ́nu ọ̀nà kí aládùúgbò òun má bàa fojú burúkú wo ọmọ òun. Èmi ò bá a jiyàn. Òórùn rẹ̀ le bíi ti kánfọ̀, aládùúgbò náà lè sá ní tòótọ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ gbọ́ ni èyí tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀: ẹ má mu ún, ẹ má sì fi í para láìkọ́kọ́ pò ó mọ́ òróró mìíràn. Ewé igi kan ní ilẹ̀ Ọsirélíà ni wọ́n ti ń fún un, agbára rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ̀kán díẹ̀ nínú òróró àgbọn ti tó. Bí mo ṣe kọ́kọ́ ń tà á nìyẹn, mo ń pò ó fún wọn. Oníbàárà kan kán an sọ́wọ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó wojú mi, ó ní, “Anti, ẹ ti bù ú là.”

Mi ò lè dá a lẹ́bi. Níbi tí à ń gbé, wọ́n ń fi omi la kẹrosíìnì, oyin inú ìgò sì lè jẹ́ ṣúgà tó jóná lásán. Ẹni tó bá ti po òróró mọ́ òróró, olè ni, kò sí àlàyé. Àmọ́ inú bí mi. Mo kó òróró àgbọn kúrò nílẹ̀, mo kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó pé: Ojúlówó, kò lábùlà. Ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ pò ó nílé, wọ́n á sì mi orí bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Kò sẹ́ni tó ń pò ó.

Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi ń gbé, ẹja ni wọ́n sì ń tà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Omi ẹja láàárọ̀, omi àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́: omi ti jẹ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn, ó ń yún wọn, ó ń bó. Wọn ò lè dúró pẹ́ nídìí ẹja mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, torí ọjọ́ tí ìyá mi bá jókòó sílé, àìsàn ni yóò wá bá wọn jókòó. Mo po tiwọn dáadáa, mo gbé e lọ. Wọ́n ṣí i, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, ojú wọn yí padà.

“O ń ta ojúlówó fún ẹni ẹlẹ́ni, o wá gbé àbùlà wá fún ìyá tó bí ọ?”

Mo ṣàlàyé títí ó fi rẹ̀ mí. Wọ́n ní àwọn ló bí mi, àwọn sì mọ ìgbà tí mo bá ń purọ́. Ìtìjú mú mi, mo fa ìgò tí mi ò là jáde nínú báàgì, mo fi lé wọn lọ́wọ́. Mo mọ ohun tó lè ṣe, mo sì fi lé wọn lọ́wọ́.

Ó ta wọ́n, inú wọn sì dùn. Lọ́dọ̀ tiwa, oògùn tí kò bá ta èèyàn, ọ̀lẹ ni. Nígbà tí mo fi padà dé lọ́sẹ̀ kejì, ẹsẹ̀ méjèèjì ti wú, awọ ti ṣí, sálúbàtà ò gbà wọ́n mọ́. Omi ò ṣeé fi kàn án. Iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, orí àga ni wọ́n ti ń kírun. Mo wo ẹsẹ̀ yẹn, mo sunkún. Ìyá mi ní kí n yéé sunkún, pé gbòǹgbò àrùn ni òróró náà ń hú jáde.

Nọ́ọ̀sì tó wẹ egbò náà ní kí wọ́n pa òróró tì, kí wọ́n sì máa nu ẹsẹ̀ gbẹ. Egbò jinná, ṣùgbọ́n yíyún náà tún dé, ìyá mi sì ní kí n mú òróró wá. Mo jókòó sílé mi ní Ìgbògbò, mo pò ó, ẹ̀kán díẹ̀ nínú òróró àgbọn. Mo gbé e dé Ẹ̀pẹ́, mo wojú wọn, mo ní ojúlówó tó ju ti àkọ́kọ́ lọ ni, pé agbára ló jẹ́ kó ki tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má lò ju tín-ń-tín lọ. Wọ́n gbà mí gbọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ní kò ta àwọn mọ́, àrùn náà ti túúbá.

Nígbà tó pé oṣù méjì, mo bá wọn nídìí ẹja, wọ́n dúró ṣánṣán. Wọ́n na ẹsẹ̀ kan síwájú kí àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń tajà lè rí i.

“Ọmọ tèmi kì í bu nǹkan là fún èèyàn. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó ṣe jìbìtì láéláé.”

Àwọn obìnrin náà ṣe àmín. Ìyá mi yíjú sí mi, wọ́n ń dúró de tèmi. Mo ṣe àmín, ohùn mi sì ga ju ti gbogbo wọn lọ.