Kí Ọkọ̀ Ojú Omi Tó Ṣí ní Kútọnu

Ọjọ́ Àìkú kan lóṣù Kẹwàá, ṣọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, ni fóònù Tísà Olúkẹ́mi dún. Jemima, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń pè láti orí òkun. Ohùn rẹ̀ ń já, ó sì ń yára sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀gá ń retí.

"Mọ́mì, wọ́n ti fi Kútọnu kún ibi tí ọkọ̀ wa máa yà. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Wọ́n máa jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀ láago mọ́kànlá àárọ̀, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ ti padà wọlé kí aago mẹ́ta ààbọ̀ tó lù. Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ bá mi mú Ìmọ́lẹ̀ wá. Mo fẹ́ rí i."

"Kútọnu?" ni Olúkẹ́mi wí. "Ta ló mọ ọ̀nà Kútọnu nínú wa?"

Fóònù ti já kí ìdáhùn tó dé.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Olúkẹ́mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkirè kó tó fẹ̀yìn tì, àwọn tó kọ́ sì wà káàkiri Ìkirè àti Àpòmù dòní, tí wọ́n ṣì ń nàró ṣánṣán tí wọ́n bá rí i lójú títì. Kò bẹ̀rù ọ̀gá ilé-ìwé rí, bẹ́ẹ̀ ni kò bẹ̀rù òbí ọmọ. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń já a láyà ni kí àkókò lọ kí òun má tíì débi tó yẹ kóun wà. Bí ọkọ̀ Ìbàdàn bá máa gbéra láago mẹ́jọ, aago mẹ́fà ààbọ̀ ló ti máa wà ní gáréèjì.

Adémúyìwá, ọkọ Jemima, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lẹ́bàá Aṣejire nígbà tí Ìmọ́lẹ̀, ọmọ wọn, ò tíì pé ọmọ ọdún kan. Ọmọ náà pé ọdún méjì tán ni Jemima rí iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan, irú èyí tí àwọn olówó fi ń ṣe fàájì láti ìlú dé ìlú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa tún yàrá àwọn èrò ṣe. Bí àdéhùn oṣù mẹ́sàn-án bá parí, ó yẹ kó wálé sinmi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á pé tóun bá ti wálé, wọn ò ní fún òun ní físà mọ́ láti padà. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Sípéènì ló ti máa ń lo ìsinmi. Báyìí ni ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ṣe lọ, tí Ìmọ́lẹ̀ fi ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, tó sì jẹ́ pé inú fóònù nìkan ló ti ń rí ìyá rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Olúkẹ́mi lọ bá Gàrúbà ní gáréèjì Àpòmù. Gàrúbà ti ń wa takisí láti nǹkan bí ogún ọdún, Olúkẹ́mi ló sì kọ́ ọ níwèé nígbà tó wà ní kékeré. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ki ọwọ́ sínú irùngbọ̀n.

"Tísà, ọ̀nà wà lóríṣiríṣi. Bọ́ọ̀sì ńlá kan wà tó ń gbéra ní Ìbàdàn tó ń lọ tààrà. Ìyẹn dára, àmọ́ bí wọ́n bá dá èrò kan dúró ní bọ́dà, gbogbo yín lẹ máa dúró dè é. Àwọn kan ń gba Ìdí-Ìrókò. Ọ̀nà ibẹ̀ ò dáa. Àwọn mìíràn ń wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré láti Àgbádárìgì."

"Mi ò ní gbé ọmọ ọlọ́mọ sórí omi," ni Olúkẹ́mi wí.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé yín dé Sẹ̀mẹ̀ nígbà náà. Ọkọ̀ tèmi ò níwèé tó lè fi kọjá, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti fẹsẹ̀ kọjá bọ́dà, takisí àwọn ará ibẹ̀ pọ̀ bí eéṣú. Kò tó wákàtí méjì síbi tẹ́ ẹ ń lọ."

Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ ti ní pásípọ́ọ̀tù láti ọdún tó kọjá, nígbà tí Jemima gbèrò láti pè wọ́n wá sí Sípéènì, ètò tí kò bọ́ sí i. Olúkẹ́mi mú ìwé ìbí ọmọ náà, ó mú káàdì abẹ́rẹ́ àwọn méjèèjì, ó di dòdò Ìkirè sínú ọ̀rá méjì. Wọ́n gbéra lọ́jọ́rú, wọ́n sùn sílé àlejò ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Àgbádárìgì. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti dé Sẹ̀mẹ̀. Ọkàn Olúkẹ́mi balẹ̀ díẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ṣì wà kí Jemima tó sọ̀kalẹ̀.

Obìnrin kan ló jókòó sídìí tábìlì níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé ìrìnnà wò, ó tó ẹni ogójì ọdún, ó wọ aṣọ ìmígíréṣọ̀n. Ó ṣí pásípọ́ọ̀tù méjèèjì, ó wo orúkọ, ó tún un wò.

"Màmá, ta ni ọmọ yìí jẹ́ sí yín?"

"Ọmọ ọmọ mi ni. Ìyá rẹ̀ la fẹ́ lọ rí ní Kútọnu."

"Orúkọ bàbá yín àti tirẹ̀ ò bára mu. Ìwé tí òbí rẹ̀ fi gbà kẹ́ ẹ mú un sọdá dà?"

Olúkẹ́mi tú àpò rẹ̀ wò. Nínú gbogbo ohun tó kọ sílẹ̀ pé òun ò gbọ́dọ̀ gbàgbé, kò sí ìwé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó fi ìwé ìbí ọmọ hàn án, ó ṣàlàyé pé bàbá ọmọ ti kú, pé Jemima ìyá rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Obìnrin náà fetí sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó na orí sọ́dọ̀ ọmọ náà, ó fohùn tútù bá a sọ̀rọ̀.

"Ìmọ́lẹ̀, ta ni mọ́mì ẹ?"

Ìmọ́lẹ̀ nàka sí Olúkẹ́mi. "Mọ́mì nìyí."

"Ta wá ni Jemima?"

"Àǹtí inú fóònù ni."

Ojú ti Olúkẹ́mi, ó sì dùn ún. Ó mọ̀ pé bí ọmọ náà ṣe ń gbọ́ tí Jemima ń pe òun ní Mọ́mì ló mú kí ọmọ náà máa pe òun bẹ́ẹ̀, kò sì tọ́ ọ sọ́nà rí. Nígbà mìíràn pàápàá, inú rẹ̀ máa ń dùn sí i.

"Màmá, ẹ má bínú," ni òṣìṣẹ́ náà wí. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin àgbà kan bíi tiyín dúró síbi tẹ́ ẹ dúró sí yìí. Ó ní ọmọ ọmọ òun lòun mú dání. Irọ́ ni, ó jí ọmọ náà gbé ni. Mi ò lè jẹ́ kí ọmọ yìí kọjá. Ẹ lọ wá ìwé òbí wá."

Ó dá àwọn pásípọ́ọ̀tù náà padà fún un.

Olúkẹ́mi pe Jemima. Kò wọlé. Ó tún un pè nígbà méje, kò wọlé. Jemima ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rọ òun kì í ṣiṣẹ́ dáadáa àfi tóun bá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Aago mọ́kànlá nìyẹn. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù.

Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lábẹ́ igi àgbọn. Ìmọ́lẹ̀ ń ṣeré pẹ̀lú iyanrìn. Gàrúbà kò tíì padà, ó dúró tì wọ́n. Ọlọ́kadà kan tó ti ń wò wọ́n láti ọ̀kánkán rọra sún mọ́ wọn.

"Mama, I fit carry una pass bush. Ten minutes, una don reach Kraké for the other side. Nobody go ask una anything."

Gàrúbà wojú Olúkẹ́mi. "Tísà, àwọn èèyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́."

Olúkẹ́mi wo aago rẹ̀. Ó wo ọ̀nà kékeré tó wọ inú igbó lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù. Tó bá gba ibẹ̀, á tó Kútọnu kí aago mọ́kànlá tó lù. Tó bá jókòó, tí Jemima ò sì gbé fóònù, wọ́n á kàn gbé ọmọ padà sí Ìkirè ni, ìgbà wo ni ọkọ̀ náà á sì tún gba ibí kọjá? Ó dìde dúró, ó di ọwọ́ Ìmọ́lẹ̀ mú. Ọlọ́kadà ti ń ta ọkọ̀ rẹ̀ nídìí.

Ọmọ náà gbójú sókè. "Ibo là ń lọ?"

Ọ̀rọ̀ obìnrin àgbà ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ń dún létí Olúkẹ́mi. Bí wọ́n bá mú wọn nínú igbó, kí ni yóò sọ pé òun ń fi ọmọdé ṣe níbẹ̀? Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ òun. Ó tún jókòó.

"A ò lọ síbì kankan," ló wí. "A máa dúró."

Ọlọ́kadà pòṣé, ó lọ.

Kò sí ìdúró tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láyé rẹ̀. Kò lè jẹun, kò lè mumi. Ó ń ka ọkọ̀ tó ń kọjá. Aago mọ́kànlá lù, ó pe Jemima, kò wọlé. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò wọlé. Gàrúbà gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí òun bá a pè é. Aago mọ́kànlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún nígbà tí fóònù náà fúnra rẹ̀ dún.

"Mọ́mì, ibo lẹ wà? Mo ti dé ẹnu géètì èbúté."

Eré ni Olúkẹ́mi fi padà sídìí tábìlì, ó fi fóònù tí àwòrán Jemima wà nínú rẹ̀ lé òṣìṣẹ́ náà lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ náà ní kí Olúkẹ́mi dúró sọ́ọ̀ọ́kán. Ó bi Jemima lọ́jọ́ ìbí ọmọ, ó bi í ní ilé ìwòsàn tó bí i sí. Ó ní kó fi àwòrán pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀ ránṣẹ́, kó kọ ìwé kó sì fọwọ́ sí i. Jemima ya ewé kan nínú ìwé pélébé tó fi ń ṣàkọsílẹ̀ yàrá, ó kọ ọ́ lórí ìnàró níbẹ̀, ó yà á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù Olúkẹ́mi. Síbẹ̀ obìnrin náà ò tíì gbé òǹtẹ̀.

"Ṣé ọmọ yín ní àmì kankan lára?"

Jemima ò ronú rárá. "Àtẹ́lẹsẹ̀ òsì, lábẹ́ ìka tó kéré jù. Ìgò ló gé e nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Èmi ni mo fọ́ ìgò yẹn. Mo gbá ilẹ̀, mi ò gbá a tán."

Òṣìṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà Ìmọ́lẹ̀. Àpá náà wà níbẹ̀, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ìgbà àìmọye ni Olúkẹ́mi ti fọ ẹsẹ̀ yẹn, kò mọ ohun tó fa àpá náà rí.

Obìnrin náà lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé méjèèjì. "Ẹ máa lọ, Màmá. Ẹ ṣí fọ́tò ìwé yẹn sílẹ̀, àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì á béèrè."

Aago méjìlá ti kọjá, Gàrúbà sì dúró dè wọ́n ní Sẹ̀mẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, òṣìṣẹ́ tó bá wọn sọ̀rọ̀ gbọ́ Yorùbá, ará Kétu ni. Ó wo ìwé, ó wo ọmọ, ó ní kí wọ́n kọjá. Takisí àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ń wá èrò méjì sí i, Olúkẹ́mi ní kó má wá ẹnikẹ́ni mọ́, kó máa gbé àwọn nìkan lọ. Ọkọ̀ sáré dáadáa títí wọ́n fi sún mọ́ afárá tó wọ àárín ìlú Kútọnu. Ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti dúró. Ọkọ̀ kún iwájú, ó kún ẹ̀yìn. Aago méjì lù, wọn ò tíì kúrò lójú kan. Awakọ̀ náà pa ẹ́ńjìnì.

"Màmá, ọ̀kadà ló lè la ibí kọjá o."

Ó ti ju ogún ọdún lọ tí Olúkẹ́mi ti gun ọ̀kadà gbẹ̀yìn. Ó gbé Ìmọ́lẹ̀ sáàárín òun àti ọlọ́kadà, ó di aṣọ ọkùnrin náà mú, ó pa ojú dé. Wọ́n ń rá pálá láàárín ọkọ̀, èéfín ń wọ̀ ọ́ nímú, ó ń gbàdúrà láì la ẹnu. Nígbà tó la ojú, ó rí ògiri èbúté, ó rí géètì irin, ó sì rí obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ń sáré bọ̀. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ni.

Jemima kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ lórí ọ̀dà, ó sì wà lórí ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ sá sẹ́yìn Olúkẹ́mi.

"Ìmọ́lẹ̀, ìyá rẹ nìyí," ni Olúkẹ́mi wí. "Òun ló bí ọ. Èmi ni mo bí òun."

"Mọ́mì, ẹ fi í sílẹ̀," ni Jemima wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Kó máa wò mí ná."

Wọ́n jókòó sórí ògiri kúkúrú kan. Jemima ṣí dòdò, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí kò jẹun láti àná. Ọmọ náà ń wò ó. Ó pẹ́ díẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó bọ́ bàtà òsì rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé e lórí itan.

"Ṣé ó dùn mí nígbà yẹn?"

"Ó dùn ẹ́ gan-an. O sunkún títí o fi sùn. Ẹ̀yìn mi lo sùn sí."

Ìmọ́lẹ̀ ronú sí i. Kò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Jemima fi ọwọ́ lé àpá náà, kò sì ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olúkẹ́mi ti ń wo aago. Ó wù ú kó gbàgbé pé aago wà, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá fi Jemima sílẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun fúnra rẹ̀ ló wí pé, "Dìde, ọmọ mi. Máa lọ."

Jemima wọ géètì lọ. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta.

Oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e ni àdéhùn rẹ̀ parí, kò sì lọ sí Sípéènì. Ó wálé. Ó rí iṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Gbọ̀ngán, ó ń lọ láàárọ̀, ó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, Ìmọ́lẹ̀ ò sùn sí yàrá Jemima. Ó ń kí i, ó ń bá a jẹun, ṣùgbọ́n tó bá di àsìkò àtisùn, ẹ̀gbẹ́ Olúkẹ́mi ló ń lọ. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Láàárọ̀ Sátidé kan, òjò ń rọ̀, Olúkẹ́mi jí, ó fọwọ́ wá ọmọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò bá a níbẹ̀. Ó dìde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì nínú yàrá Jemima, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó lọ sílé ìdáná, ó gbé omi kaná.