Jùwọ́nlọ Tó Ń Fa Ìpéǹpéjú

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé Jùwọ́nlọ, kò kí mi. Ìpéǹpéjú mi ló fi àtàǹpàkò fà wálẹ̀ lẹ́nu géètì wa ní Festac, ó yọjú wò ó bí ẹni ń wo ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ yín ò pọ̀ tó."

"Ẹ káàárọ̀ ńkọ́?" ni mo bi í.

Ojú tì í, ó dọ̀bálẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni, ọmọ Alàgbà Gbádébọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò wa láti Kuje. Ọmọ dáadáa ni. Ìṣòro rẹ̀ kan ni pé wọ́ọ̀dù yòówù tí wọ́n bá gbé e lọ, àìsàn ibẹ̀ ni yóò máa rí lára gbogbo wa. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ, kò sí ikùn tí kò fẹ́ kí wọ́n là. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ọpọlọ, ó bi pásítọ̀ wa bóyá wọ́n máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kì í gbọ́.

Pásítọ̀ ní, "Lójoojúmọ́, ògo ni f'Ọ́lọ́run!"

Jùwọ́nlọ kọ ọ́ sínú ìwé.

Kí wọ́n tó kúrò ní wọ́ọ̀dù kan, ìdánwò wà. Akẹ́kọ̀ọ́ á lo wákàtí kan lọ́dọ̀ aláìsàn, á bi í léèrè ọ̀rọ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò, á wá sọ ohun tó ń ṣe é fún àwọn dókítà àgbà. Ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà, ìyá arúgbó kan láti Ijegun-Egba ni wọ́n fún un. Bó ṣe wọlé, ìpéǹpéjú ló gbá mú. Ìyá kọjú sí ògiri. Kò dáhùn ìbéèrè kan títí wákàtí fi pé. Jùwọ́nlọ wá sọ fún àwọn dókítà pé ó jọ pé ìyá ò lè sọ̀rọ̀.

"Ta ni ò lè sọ̀rọ̀?" Ìyá ò tilẹ̀ yíjú. "Ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé!"

Jùwọ́nlọ fìdí rẹmi. Àǹfààní ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún un láti tún ìdánwò náà ṣe. Bí kò bá yege, yóò tún ọdún náà ṣe, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì lọ.

Bàbá rẹ̀ ní, "Láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta ni mo ti ń nà ọ́ nítorí ìkíni. Ṣé yunifásítì gbà á padà ni?"

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Alàgbà fi dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn ní pálọ̀, tó ń ṣe bí aláìsàn kí ọmọ lè fi òun kọ́ra. Jùwọ́nlọ á wọlé, á dọ̀bálẹ̀, á kí i dáadáa. Bọ́wọ́ rẹ̀ bá súnmọ́ ojú bàbá láìkí i, ìwé ìròyìn tí wọ́n ká ló ń bà á.

Lọ́jọ́ ìdánwò, bàbá kan tó ti ń ta páàtì mọ́tò ní Mazamaza rí ni wọ́n fún un. Jùwọ́nlọ nà gbalaja sílẹ̀ tòun ti kóòtù funfun. Ó kí bàbá, ó kí ìyàwó, ó béèrè ọmọ. Díẹ̀ ló kù kó kí bẹ́ẹ̀dì.

Bàbá ní, "Dìde, dókítà. Ìwọ ni ẹnì kẹta láàárọ̀ yìí, ìwọ nìkan ló kí mi. Ẹ̀dọ̀ ni. Tẹ abẹ́ ìhà ọ̀tún. Wọ́n á bi ọ́ bóyá mo mutí. Mo mu ún gan-an."

Mi ò mọ̀ bóyá èyí bá òfin ìdánwò mu. Ó yege.

Láti Mọ́ńdè tó kọjá, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ló wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni yóò lò níbẹ̀. Lánàá, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa, ó wá ní kí n la ẹnu kóun wò ó bóyá eyín ló ń yọ mí lẹ́nu bó ṣe ń hù.