Ẹni Tí A Sọ Di Ìyá Díìsì

Bí mo bá rí ẹni tó ń fi etí ìró nu awò ojú, ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mo máa ń rántí. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á nu awò wọn, wọ́n á gbójú sókè níwájú ilé wọn ní Edjeba, wọ́n á ní, "Ọmọ mi ń kọjá lọ." Sátẹ́láìtì tó ń ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè ni wọ́n ń pè lọ́mọ. Wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì wá sí Warri.

Kí ni àdúgbò wá fi irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣe? Ìyá Díìsì! Bí atẹ́gùn bá ti yí díìsì tẹlifíṣọ̀n ẹnikẹ́ni, ẹ ó gbọ́: "Mama, abeg, come turn am for us." Wọ́n á sì lọ. Bí mo bá ń bínú, wọ́n á ní, "Fi wọ́n sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan á bi mí ní ohun tó wà lókè."

Kò sẹ́ni tó bi wọ́n títí wọ́n fi kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, alùfáà ka ìtàn ayé wọn: ìyàwó rere, abiyamọ tòótọ́, ìyá ìjọ tó mọ ọbẹ̀ sè. Ó parí. Mo lọ bá alùfáà lẹ́yìn ìsìn.

"Bàbá, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ńkọ́?"

"Ọmọ mi, obìnrin rere ni wọ́n. Ìyẹn náà ti tó."

Ó tó fún ta? Ohun tí ọwọ́ wọn ṣe ń rí gbogbo wa láti òkè réré. Àwọn fúnra wọn wà láàárín wa, a ò rí wọn.