Ẹni Tó Fẹ́ Àbúrò Mi Ló Ń Ṣọ́ Ọ̀nà Igbó

Ọ̀gá tó gbé ọkọ àbúrò mi wá ṣọ́ ẹnu ọ̀nà igbó kì í ṣe ọmọ agbègbè wa. Ká ní ọmọ Emùré ni, ì bá kọ́kọ́ béèrè ibi tí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ti fẹ́yàwó.

Igbó ìjọba ni. Inú rẹ̀ ni ọ̀nà oko kòkó bàbá mi gbà kọjá, ó tó ìrìn ìdajì wákàtí fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá. Àwọn ìnàkí díẹ̀ tó ṣẹ́kù ní apá ọ̀dọ̀ wa ń gbé ibẹ̀, torí tiwọn ni wọ́n ṣe ṣòfin pé ẹlẹ́sẹ̀ lè kọjá, ṣùgbọ́n ọ̀kadà kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Wọ́n fi ìtì igi ńlá kan dábùú ọ̀nà, wọ́n ní kí ọkọ àbúrò mi dúró tì í. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Bí ọ̀kadà kò bá wọ igbó, kò tún ní fojú kan kòkó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn mọ́.

Tíṣà ni mí ní Ìkẹ́rẹ́, mo sì ní ọ̀kadà tèmi. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń wá gbé bàbá lọ sóko.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí wọ́n dábùú ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ wa jáde nínú káákí, ó nawọ́ sókè, ó lanu láti pariwo. Ó wá rí ẹni tó jókòó lẹ́yìn mi. Háà! Kíá ló ti nà gbalaja sínú ẹrẹ̀, àti fìlà àti bàtà ìjọba.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

Nílẹ̀ wa, àna kì í dìde títí ará ilé ìyàwó yóò fi ní kó dìde. Bàbá mi ò sọ pé kó dìde. Ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní òjò ọdún yìí mà dáa o, ó wá rọra fọwọ́ kan mi léjìká. Mo yí ọ̀kadà gba ẹ̀gbẹ́ igi náà kọjá. A ti wọ igbó tán kí ó tó rántí, láìwẹ̀yìn: “Dìde, ọmọ mi. Olúwa á bù kún ọ o!”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo jayé ojú ọ̀nà yẹn, n ò ní purọ́. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà mìíràn ọkùnrin náà á gbìyànjú látorí ilẹ̀ níbẹ̀: “Bàbá, òfin ní…” Bàbá mi á ní, “Ugbó yìí? Kí wọ́n tó bí òfin ni mo ti ń ṣe gáà, tí mo ń pàgọ́ sùn nínú rẹ̀.” Ta ló fẹ́ dá ìyẹn lóhùn?

Àfi ìgbà tí àbúrò mi pè mí lórí fóònù. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ.” Ó ní ibi tí taya mi là sí ẹ̀gbẹ́ igi yẹn ti di ọ̀nà, pé àwọn tó ń gé gẹdú ń gba ibẹ̀ kó pákó jáde bí ọkọ òun bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá ti rí ojú taya. Ó ní bí òun bá tún rí i lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ọkọ àbúrò mi bọ́ káákí sílẹ̀. “Ọmọ mẹ́ta ló ń jẹun nínú káákí yẹn, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ojú tì mí. Mo wá rántí pé ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn ìnàkí kẹ́yìn. Mo ti rò pé ariwo ẹ́ńjìnnì mi ni kò jẹ́ kí n gbọ́.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, inú bí i. “Kí ló dé tí kò sọ fún mi?”

“Ṣé ẹ jẹ́ kó dìde rí ni?”

Ó wá ọ̀pá rẹ̀, ó fi ń tẹ ilẹ̀ wò.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ẹ̀ṣọ́ wa tún ti wà nílẹ̀ kí n tó pa ẹ́ńjìnnì. “Dìde,” ni bàbá mi wí lójú ẹsẹ̀. “Dìde, kí o sọ òfin rẹ.”

Ó dìde. Òógùn bò ó. “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ sà, ọ̀kadà ò gbọdọ̀ kọjá.”

“Ó dáa.” Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, ó ń lọ. Kò tó ogún ìṣísẹ̀ tó fi di igi kan mú, tó dúró, tí kò wẹ̀yìn. Inú bí mi sí òfin, sí ìnàkí, sí ara mi. Omi ti dé ojú mi.

Ọkọ àbúrò mi sáré lọ bá a, ó lóṣòó síwájú rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

“Kí lèyí?”

“Ẹ gùn mí, sà. Ẹlẹ́sẹ̀ ni mí.”

Bàbá mi wo ojú mi bóyá mo máa rẹ́rìn-ín. N ò rín. Ó gun ẹ̀yìn àna rẹ̀. Mo fi ọ̀kadà mi dí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ igi yẹn, mo tì í pa, mo sì tẹ̀lé wọn.

“Rọra o! Gálọ́ọ̀pù wà níwájú!” Bàbá mi ò dákẹ́. “Yà sápá ọ̀tún! Àbí búréèkì rẹ ò ṣiṣẹ́ ni?” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sinmi kí a tó dé oko.

Bàbá mi fi ẹ̀yìn ti ìdí kòkó, ó ń wo òkè, ó ń wo èso. Ó pẹ́ tó ti ń wò wọ́n. Ọkọ àbúrò mi sùn sílẹ̀, ó nà tantan, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì.

“Sátidé tó ń bọ̀ ńkọ́?” ni bàbá mi bi í.

Ọkùnrin náà ò tíì lè sọ̀rọ̀. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.