Àìná Ti Kú, Ẹ Yé É Mú Un Kí Wa

Àìná Bánjọ kú ní Sátidé kan nínú oṣù Kejì, lórí àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ rédíò tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Jahi. Láti ìgbà náà, ó ti kí mi lẹ́ẹ̀mẹfà lórí afẹ́fẹ́. Ó ní ara òun dá ṣáká.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́, torí inú mi máa ń dùn ṣìnkìn tí mo bá rántí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí mo máa tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó yọ̀.

Èmi Hezekiah, ọmọ àgbẹ̀ láti Ìjùmú, n kò jókòó ní kíláàsì rí. Lọ́dọ̀ ọmọ mi ni mo ń gbé ní Lugbe. Ariwo lásán ni orin òyìnbó létí mi kí Àìná tó dé. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Sátidé, á gbé orin ìfẹ́ tí wọ́n ń pè ní sóòlù sí i, á dá a dúró díẹ̀, á sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ọkùnrin kan wà nínú ọ̀kan lára orin náà tó ń bẹ ìyàwó rẹ̀ kó padà wálé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ló bẹ̀ ẹ́. Mo kà á. Háà! Èmi tí ìyàwó mi kó lọ sílé bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí mo fi agídí jókòó sílé! Omijé ń bọ́ lójú mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. Ta ló mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ọkùnrin lè dùn tó bẹ́ẹ̀?

Hípọ́ọ̀pù ńkọ́? Mo pe Àìná lórí fóònù nígbà tó ń ṣe ètò, mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló ń lé ọmọkùnrin yẹn tó fi ń sáré sọ̀rọ̀?"

"Baba, ó ń fọ́nnu ni. Ó ní kò sẹ́ni tó lè bá òun."

"Kò ju ìyẹn náà lọ? Ohun tí à ń ṣe lóko nìyẹn! Ẹni tó bá kọ ebè ṣáájú, á máa fi àwọn tó wà lẹ́yìn ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹ bú mi ká gbọ́, Baba. Orí afẹ́fẹ́ lẹ wà o."

"Ìwọ tí ò ń kọ ebè bí ẹni ń họ orí ọmọ tuntun! A ò tíì kọ ogún, o ti ń wo ọ̀nà ìkòkò!"

Ó fi ìlù hípọ́ọ̀pù gbè mí lẹ́sẹ̀. Mo jó títí orúnkún mi fi fẹjọ́ sùn. Odindi àdúgbò ló ń pè mí ní ráápà.

Nígbà tí fóònù rẹ̀ kò wọlé mọ́, mo ra ọsàn ní Zuba, mo gbé e lọ sí Jahi. Yàhàyá, ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ní, "Sànnu, Baba. Ta lẹ̀ ń wá?"

"Àìná."

"Kai! Madam ti kú, Baba. Wọ́n ti sin ín tipẹ́."

"Lọ parọ́ fún ẹlòmíràn. Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò ọwọ́ rẹ yẹn?"

Àìná ni. "Baba Hezekiah ní Lugbe, ẹ káàárọ̀ o! Ara mi dá ṣáká, tiyín ńkọ́?"

Yàhàyá ní, "Ti ọdún tó kọjá ni, Baba. Wọ́n kàn ń gbé e padà ni."

Yàhàyá ló sọ ìyókù fún mi. Lọ́jọ́ náà, Àìná ní orí ń fọ́ òun, ojú òun ń ṣú. Wọ́n ní kó parí ètò ná. Ó parí rẹ̀, ó sì ṣubú. Mọ́tò ilé iṣẹ́ wà níta, epo kún inú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni kò sí nílé: ó bá ọ̀gá lọ síbi ìgbéyàwó. Ẹ ò rí kọ́kọ́rọ́ tó gbádùn ara rẹ̀! Kí Yàhàyá tó sáré rí takisí lójú títì, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Mo wọlé lọ bá ọ̀gá náà. Ó ní tí òun bá kéde ikú, àwọn tó ń polówó ọjà á sá. Ṣé ẹ gbọ́? Wọn kò fún un ní ìsinmi nígbà tó wà láàyè. Ó kú tán, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ ta ni wọ́n ń fi ohùn rẹ̀ ṣòwò báyìí? Ìyá tó bí i kò ní rédíò ni?

Ẹ̀yin ọ̀gá tó wà ní Jahi, ẹ mọ ara yín. Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá, ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ sọ pé ó ti kú. Kí ẹni tó ní kó parí ètò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kí ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ wí tẹnu rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ní ọjọ́ Ajé, n ó gbé àga mi wá sẹ́nu ọ̀nà yín. Ẹ má rò pé yóò sú mi. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Mo ti jókòó de òjò rí.